Ẹnu Tí Ó Mọ Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí Ó Ṣí

Ariwo ni ogun Kírìjì fi gba orúkọ. Láti ọdún 1877 títí di 1893 ni ogun náà fi fà kalẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti àwọn Èkìtìparapọ̀. Ìgbájọ ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn pàgọ́ sí, Ìmẹ̀sí-Ilé ni ibùdó àwọn Èkìtìparapọ̀ wà, àárín àwọn òkè tó pín ìlú méjèèjì níyà ni wọ́n sì ti ń kọjú ìbọn síra wọn. Ní ibùdó Ìgbájọ yìí ni Ààrẹ Látòóṣà, olórí ogun Ìbàdàn, kú sí ní ọdún 1885. Síbẹ̀, orúkọ tí ogun náà ń jẹ́ títí di òní kì í ṣe orúkọ ọba, kì í sì í ṣe orúkọ jagunjagun. Ìró ohun ìjà tí àwọn òkè ń gbà lẹ́nu ara wọn ni àwọn ènìyàn fi sọ ọ́ lórúkọ.

Kí ni ìró yẹn gan-an? Ẹ̀tù ló gbiná nínú ọ̀pá irin. Gáàsì gbígbóná fẹ̀, ó wá ọ̀nà àbáyọ, ẹnu kan ṣoṣo ló rí, ó sì fi gbogbo agbára gba ibẹ̀ jáde. Bí gáàsì àti ọta ṣe ń lọ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ìbọn ń ta sẹ́yìn lu èjìká ẹni tó yìn ín. Kò sí ọdẹ tí kò mọ ìtasẹ́yìn yìí. Bí ènìyàn bá wá rí ọgbọ́n dá sí i, tí ìtasẹ́yìn náà kò fi mọ sí ẹ̀ẹ̀kan, tí ó ń ṣẹlẹ̀ láìdáwọ́ dúró níwọ̀n ìgbà tí epo bá ṣì wà, agbára tó ń ti bàlúù jẹ́ẹ̀tì síwájú ló rí yẹn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ohun ńláńlá ni ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì, pé ìjọba alágbára nìkan ló lè ní in. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe jẹ́ẹ̀tì tí gígùn rẹ̀ kò ju ti apá ọmọdé lọ, tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé. Wọ́n ń so ó mọ́ bàlúù kékeré tí wọ́n ń fi rẹ́mọ́òtù darí láti ilẹ̀. Epo tó ń jó kì í ṣe ohun àjèjì: kẹrosíìnì ni, irú èyí tó wà nínú sítóòfù àti àtùpà ilé wa, tí wọ́n pò mọ́ òróró díẹ̀ kí irin má baà fi gbígbẹ ha ara wọn.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Kẹ̀kẹ́ kan wà níwájú tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, tó sì ń fún un pọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ti fún pọ̀ yìí bọ́ sínú yàrá iná, kẹrosíìnì ń jó níbẹ̀, ooru sì mú gáàsì fẹ̀. Bí ó ṣe ń jáde lọ, ó kọ́kọ́ yí kẹ̀kẹ́ kejì tó wà lẹ́yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní tọ́báìnì. Ọ̀pá kan náà ló so kẹ̀kẹ́ méjèèjì pọ̀, nítorí náà tọ́báìnì tó wà lẹ́yìn ló ń yí kẹ̀kẹ́ tó wà níwájú. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré wọ̀nyí, ọ̀pá náà lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni gáàsì tó kù wá gba ẹnu ẹ̀yìn jáde.

Ẹnu ẹ̀yìn yìí ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí. Àwọn mẹkáníìkì a máa pè é ní nọ́súlù. Ẹni tí kò bá mọ̀, á rò pé sàlẹ́ńsà lásán ni, ihò tí èéfín ń gbà jáde. Ṣùgbọ́n òun ló ń pinnu iye agbára tí ẹ́ńjìnnì yóò fi ti bàlúù, òun náà ló sì ń pinnu bóyá ẹ́ńjìnnì náà yóò pẹ́ láyé tàbí yóò jóná lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé bí alágbẹ̀dẹ àtijọ́. Nígbà tí ọmọṣẹ́ bá ń fẹ́ ẹwìrì, afẹ́fẹ́ inú awọ pọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ipá títí tí yóò fi dé ẹnu tóóró tó kọjú sí ẹyín iná. Níbẹ̀ ló ti ń di ohun tó lè mú irin pọ́n. Bí ẹnu náà bá fẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ á kàn fọ́n ká, iná á máa ṣe wúyẹ́wúyẹ́. Bí ó bá sì há jù, tàbí tí eérú dí i, ọmọṣẹ́ á fẹ́ ẹ títí, apá rẹ̀ á ro ó, afẹ́fẹ́ á sì máa padà sínú awọ. Ẹnu tí a fẹ́ kò gbọdọ̀ fẹ̀ jù, kò sì gbọdọ̀ há jù.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti jẹ́ẹ̀tì, àfi pé ewu tirẹ̀ pọ̀ ju ti ẹwìrì lọ. Bí wọ́n bá mú ẹnu ẹ̀yìn há, gáàsì á yára jáde, agbára ìtì á pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n gáàsì tó ń dúró de ara wọn lẹ́nu ọ̀nà yìí á máa ti tọ́báìnì lẹ́yìn, tọ́báìnì kò sì ní lè yí bó ṣe yẹ. Láti mú kí ó yí, wọ́n ní láti da epo sí i. Epo á mú ooru pọ̀ sí i. Nínú àwọn jẹ́ẹ̀tì kékeré, ooru tó ń jáde lẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá tẹ iná tán lè kọjá 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó bá ju ohun tí irin lè gbà lọ, abẹ tọ́báìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í nà bí ẹni fa rọ́bà. Nígbà mìíràn, afẹ́fẹ́ á kọ̀ láti lọ síwájú mọ́, á ṣẹ́rí padà gba ọ̀nà iwájú pẹ̀lú ìró bí ìbọn, iná á sì kú tàbí kí ó yọ síta. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, tọ́báìnì ni ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Bí wọ́n bá wá sọ pé kí ọ̀ràn má baà bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí wọ́n la ẹnu náà gbàgàdà ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì á rọrùn láti tan, ara rẹ̀ á tutù, kò ní ṣẹ́rí padà. Ṣùgbọ́n gáàsì á máa rìn jáde bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ, bàlúù kò sì ní gbéra. Ìyàtọ̀ díẹ̀ sì ti pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí fífẹ̀ ẹnu náà láti etí kan dé èkejì bá jẹ́ mílímítà 60, tí wọ́n sì dín in kù sí 54, ìdá kan péré nínú mẹ́wàá ni wọ́n dín lójú, ṣùgbọ́n àyè tí gáàsì ń gbà kọjá ti dín kù ní 19 nínú 100. Ẹni tó ń fi fáìlì ha etí irin náà kò gbọdọ̀ máa wo ojú ẹlòmíràn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe jẹ́ẹ̀tì kékeré ṣe sí ìṣòro yìí ni pé wọ́n yan ẹnu kan ṣoṣo tí kì í yí padà, èyí tó wà láàárín méjì. Wọn kò ṣe àṣìṣe. Irin tó ń ṣí tó ń pa wúwo, bẹ́ẹ̀ gbogbo gíráàmù ló ní iye lórí bàlúù kékeré. Ooru tún ń mú kí irin fẹ̀, kí ibi tó yẹ kó máa yí so mọ́ra. Kọ̀ǹpútà kékeré tó ń díwọ̀n epo sì ti wà tó ń ṣọ́ ooru àti ìyíká ọ̀pá. Nítorí náà, wọ́n fi ẹnu sílẹ̀ bó ṣe wà, epo nìkan ni wọ́n ń yí padà.

Ṣùgbọ́n ẹnu tí kò yí padà, ojú ọjọ́ kan ni wọ́n gé e fún. Afẹ́fẹ́ tútù ki, afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tò tí ó sì pé ní òwúrọ̀ ìgbà òtútù ní Jámánì, bí wọ́n bá gbé e wá sí Ìgbájọ ní ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà, afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú rẹ̀ kò ní wúwo tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ooru ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa sún mọ́ ààlà kí ọwọ́ tó dé òpin iná. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti gé ẹnu rẹ̀ kọ́ ló wà mọ́ ni.

Ìṣòro mìíràn wà nígbà tí bàlúù bá fẹ́ balẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó wà lórí ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní sílóò ṣì ń ti bàlúù síwájú. Bí awakọ̀ bá fẹ́ yí èrò padà kí ó sì gbéra lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní láti dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí kẹ̀kẹ́ inú tó yára dé ibi tó yẹ. Ká ní ẹnu ẹ̀yìn lè ṣí fẹẹrẹ ní àkókò yìí ni, kẹ̀kẹ́ ì bá máa yí kíkankíkan láìti bàlúù púpọ̀. Bí wọ́n bá sì tún nílò agbára, wọ́n á kàn pa ẹnu náà dé díẹ̀ ni.

Àwọn ará Jámánì ti ronú èyí tipẹ́. Ní ìparí Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ́ńjìnnì Jumo 004 tó wà lára bàlúù ogun Me 262 ní ohun kan láàárín ẹnu ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí róbótó ní ìdí, tó sì ṣe ṣónṣó lórí. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ pè é ní Zwiebel, ìyẹn àlùbọ́sà. Mọ́tò iná kan ló ń sún un síwá sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá ń tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fa àlùbọ́sà náà wọlé kí ẹnu lè fẹ̀, kí ooru má baà pọ̀ jù. Nígbà tí ó bá ń fò, wọ́n á tì í síta kí ẹnu lè há. Irin tó dára ṣọ̀wọ́n fún wọn lákòókò ogun náà, ẹ́ńjìnnì wọn kì í sì í ju wákàtí 10 sí 25 lọ kí wọ́n tó tú u palẹ̀. Àwọn tí irin wọn kò lágbára tó, tí wọn kò sì lè fi ooru ṣeré, gan-an ni wọ́n fi ẹnu tó ń yí padà dáàbò bo ohun tí wọ́n ní. Ó yẹ kí ìlú tí ohun èlò ṣọ̀wọ́n fún fetí sí èyí.

Lẹ́yìn ogun náà ni oríṣi kejì wá gbilẹ̀: ewé irin pẹlẹbẹ tó lé orí ara wọn bí ìpẹ́ ẹja, tí wọ́n tò yí ẹnu ká, tí wọ́n ń kóra wọn jọ tàbí tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀. Ó di dandan fún bàlúù ogun tó ń da epo kejì sí gáàsì lẹ́yìn tọ́báìnì láti lè sáré ju ìró lọ. Iná kejì yìí ń mú gáàsì fẹ̀ gan-an. Bí ẹnu kò bá tètè là fún un, gáàsì á padà lu tọ́báìnì.

Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí òfurufú Nàìjíríà. MiG-21 tí Iléeṣẹ́ Ológun Òfurufú gbà lọ́wọ́ Rọ́ṣíà ìgbà náà ní àárín àwọn ọdún 1970 ní in. Jaguar 18 tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1984 ní in. F-7Ni tí Ṣáínà ṣe, tó dé láàárín 2009 sí 2010, ní in. Ní 1991, ọdún méje péré lẹ́yìn tí wọ́n dé, àwọn Jaguar ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, owó àti tọ́jú wọn kò sí mọ́. Owó ra ẹnu tó ń ṣí tó ń pa. Kò ra ìdí tó fi ń ṣí tó sì ń pa. Ìmọ̀ yẹn kì í bá ọjà wọ inú páálí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kírìjì náà nìyẹn. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó ló ń fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sílé, ìbọn tí wọ́n ń ki láti ìdí, tó yára, tó sì ń rìn jìnnà ju ṣakabùlà lọ. Ìbọn náà yí ogun padà. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ irin, wọ́n mọ iná, wọ́n sì mọ ẹwìrì, ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n ti ń rọ ọ̀pá ìbọn yẹn wà lókè òkun, ọta rẹ̀ náà sì ń ti òkun wá. A gbọ́ ìró, a sì fún ìró lórúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ dá a lẹ́kun ni kó mú ọ̀nà títà rẹ̀ mọ́ra.

Iṣẹ́ ti ń lọ díẹ̀díẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí o. Iléeṣẹ́ Ológun Òfurufú ti fi bàlúù aláìní-awakọ̀ Gulma han gbogbo ayé ní 2013, wọ́n sì fi Tsaigumi tẹ̀ lé e ní 2018. Ohun ìyìn ni. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ ìfẹ́ ló ń fa àwọn méjèèjì, kì í ṣe jẹ́ẹ̀tì. Jẹ́ẹ̀tì ṣì jẹ́ ohun tí a ń rà, tí a sì ń dá padà fún ẹni tó ṣe é bó bá ṣàárẹ̀.

Níbí ni jẹ́ẹ̀tì kékeré ti wúlò ju eré ọwọ́ ọlọ́rọ̀ lọ. Kurt Schreckling, ọmọ Jámánì tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi hàn pé ẹni kan lè ṣe jẹ́ẹ̀tì kékeré nínú ilé ara rẹ̀, kò dúró de iléeṣẹ́ ńlá. Pátákó pẹlẹbẹ alápòpọ̀ tí wọ́n fi okùn kábọ́ọ̀nù dì ló fi ṣe kẹ̀kẹ́ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Ẹ́ńjìnnì KJ66 tó tẹ̀ lé tirẹ̀ lo kẹ̀kẹ́ tọ́bò ọkọ̀, mílímítà 66 ni fífẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan sì fi agolo gáàsì àwọn tó ń pàgọ́ ṣe ara rẹ̀. Kò sí ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tú tọ́bò ọkọ̀ akẹ́rù. Kò sí ìgboro tí kò ní awẹ́dà.

Ìgbájọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ń jẹ́ orúkọ ìlú, Igbajo Polytechnic. Ká ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ de jẹ́ẹ̀tì kékeré kan mọ́ orí tábìlì irin, tí wọ́n fi òṣùwọ̀n oní-sípíríìnì díwọ̀n ìtì rẹ̀, tí wọ́n sì fi wáyà aláfòòró ooru ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n á gé ẹnu mẹ́rin láti ara páànù tí kì í dípẹtà, ọ̀kọ̀ọ̀kan á yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n á tan án ní òwúrọ̀, wọ́n á tún tan án ní ọ̀sán gangan, wọ́n á sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n á mọ ẹnu tó bá ooru Ìgbájọ mu, èyí tí ẹnikẹ́ni tó wà ní Jámánì kò lè sọ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi ṣónṣó irin bí àlùbọ́sà sí àárín ẹnu tó fẹ̀ jù lọ, pẹ̀lú mọ́tò kékeré tó jìnnà sí ooru, kí ẹnu kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ ẹnu mẹ́rin.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ aláìgbọ́ràn. Kẹ̀kẹ́ tó ń yí ní ìgbà 100,000, bí ó bá fọ́, ọta ìbọn ni àfọ́kù rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró ní ẹ̀gbẹ́ tàbí ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun ìpaná gbọdọ̀ wà nítòsí, ohun ìdití náà kò ṣeé mójú fò. Bí ó bá sì ti kúrò lórí tábìlì, tó di ọ̀rọ̀ fífò, òfin ti wọ̀ ọ́. Láti 2016 ni àjọ NCAA ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ fi rẹ́mọ́òtù fo ohunkóhun lókè gbọdọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ wọn àti lọ́dọ̀ Ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò. Ṣùgbọ́n orí tábìlì ti tó fún ẹ̀kọ́ tí à ń wí yìí.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn tí kò tíì ní iná ìjọba fún wákàtí mẹ́rìnlélógún kò ní iṣẹ́ kankan í ṣe pẹ̀lú ẹnu jẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rọ gáàsì tó ń pèsè iná mànàmáná, ọmọ ìyá jẹ́ẹ̀tì ni. Kẹ̀kẹ́ ìfúnpọ̀ wà nínú rẹ̀, yàrá iná wà níbẹ̀, tọ́báìnì wà níbẹ̀, ooru ilẹ̀ wa sì ń dín agbára rẹ̀ kù bó ṣe ń dín ti jẹ́ẹ̀tì kù. Ẹni tó mọ ìdí tí kékeré fi ń gbóná jù yóò mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi àwọn tó ń ta ńlá fún wa, kí wọ́n tó buwọ́ lu ìwé.

Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ mílímítà mẹ́fà lẹ́nu irin lè dà bí ohun tí kò tó ohun, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha mílímítà mẹ́fà yẹn, tó rí i bí ooru ṣe gòkè àti bí ìtì ṣe pọ̀, kò ní jẹ́ oníbàárà lásán mọ́. Tábìlì irin kan, ẹ́ńjìnnì kan, ìwé àkọsílẹ̀ kan àti olùkọ́ tó ní sùúrù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó wọ́n jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì, owó rẹ̀ kò sì tó iye tí ọ̀pọ̀ ìlú ń ná lórí àjọ̀dún ọjọ́ kan. Kí àwọn ọmọ Ìgbájọ nílé lóko jókòó ro ìyẹn.